Báírò Pupa Lára Lẹ́tà Àna Rẹ

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Adébísí, Àjíkẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì lo wà, dá a padà sínú àpòòwé, kó o délé kó o tó kà á. Ara mi le, ilé kò jó, ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n láti àná ni ẹnu mi ti là sílẹ̀ tí kò pa dé, tí mo ń rìn kiri inú ilé, tí mo ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, igbe ni màá ké, aránṣọ tó yá yàrá ìsàlẹ̀ á sì rò pé olè ló wọlé. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé Yorùbá ni mo fi kọ̀wé. Látìgbà tó o ti wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ, tí mo máa ń tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọmọ tí mo kọ́ fúnra mi má baà rí àṣìṣe ìyá rẹ̀. Lónìí, mi ò fẹ́ kí èmi tàbí ìwọ máa ro ti "is" àti "are". Ohun tí mo ń sọ ni mo fẹ́ kó o gbọ́.

Àlájì wá sílé mi lánàá. Àlájì, bàbá Ràfíù, ọkùnrin tí o máa wọ ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wa mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn nìkan, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí wọn, inú mi dùn. Mo rò pé iye èèyàn tí wọ́n ń mú bọ̀ wá síbi ìdána ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi. Mo sáré gbé omi tútù, mo gbé ìkọ́kọrẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Wọ́n ní àwọn ń gba ààwẹ̀. Adébísí, Ọjọ́rú ni àná. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá àwọn Mùsùlùmí ṣe aládùúgbò ní ìlú yìí, mo mọ̀ pé ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gba irú ààwẹ̀ yẹn. Àna tí kò fẹ́ jẹun nílé ẹni, tí kò fẹ́ mu omi, ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé wá.

Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú àpò jàlàbíà wọn, wọ́n yọ àpòòwé kan. Orúkọ wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ ló sì kọ ọ́. Wọ́n ní, "Ìyá Adébísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èsì ìdánwò mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Mo ṣí i.

Yéè! Olúwa mi o! Adébísí, ìwọ! Ọmọ tí mo gbé pọ̀n!

Lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó ni. Lẹ́tà tí àwọn ará ilé ọkọ fi ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, tí àbúrò ìyàwó máa kà sókè lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìdána, tí a ó sì gbé kọ́ sára ògiri. Inú ìwé onílà ni Àlájì kọ ọ́ sí, ojú ewé méjì gbáko, pẹ̀lú báírò búlúù. Wọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ ọn débi pé bí o bá fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà, wàá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lórí búlúù yẹn ni pupa rẹ ti ń ké. O fa ìlà síbí, o yí òdo sọ́hùn-ún. Wọ́n kọ "discuss about", o pa "about" rẹ́. Wọ́n kọ "I and my wife", o fa ọfà kí ìyàwó lè ṣíwájú. Wọ́n kọ "furnitures", o bẹ́ "s" kúrò nídìí rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn, o fi ìlà méjì gún un já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, o wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Weak. Please rewrite."

Àbí kí lo jẹ yó? Ta ló ní kó o fún baba ọkọ rẹ ní máàkì?

Mo mọ ohun tó o máa sọ. Wàá ní Ràfíù ló gbé lẹ́tà náà wá bá ọ ní Ìbàdàn kó o lè bá wọn wá ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, tó sì máa fi sínú férémù. Wàá ní o ro ti àwọn ará ilé wa, gbogbo wa tíṣà, àwọn àǹtí rẹ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín, pé o ò fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Wàá ní o lẹ̀ ẹ́ pa kí Ràfíù má baà rí i, tí Ràfíù náà sì lọ gbé e fún bàbá rẹ̀ láì ṣí i. Mo gbà. Ire lo rò. Ṣùgbọ́n ire tó o rò yìí, ó fẹ́ẹ̀ da ilé rú.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù fún ọ. Gbogbo àwọn tó ń kọ lẹ́tà ìtọrọ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ pé àwọn rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà yín, àwọn sì fẹ́ já a. Àlájì kò kọ òdòdó. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn rí igi ìrókò kan tó dúró ṣánṣán nínú ọgbà wa. O fi pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "I am not a tree."

Wọ́n fi ìka tọ́ka sí i fún mi. Wọ́n ní, "Màmá Tíṣà, mo fẹ́ kọ òdòdó bí àwọn tó kù ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ òdòdó. Pákó ni mo ń tà, igi ni mo mọ̀. Gbogbo igi tí mo ti là láyé mi, ìrókò ni mi ò tíì rí kí ikán jẹ. Nígbà tí Ràfíù mú ọmọ yín wá kí wa, mo wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sọ fún ìyá Ràfíù pé èyí kò ní jẹ́ kí ilé wa wó. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn."

Adébísí, ta ló tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa rẹ rí?

Wọ́n ní Jímọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́. Tí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó. Àwọn ará ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n máa ń pààrọ̀. Àlájì ní àwọn kò fẹ́. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, wọ́n sì bọ́ sídìí òwò pákó. Ara rìsíìtì àti ẹnu àwọn oníbàárà ni wọ́n ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ilé tíṣà ni ìyàwó ti ń bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa fi kọ ọ́, kí a lè mọ̀ pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa.

Mo dé ibi tí ojú ń tì mí láti kọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń ka ojú ewé kejì. Mo rí àṣìṣe kan tí ìwọ kò rí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti wà nínú kọ́ọ̀bù tí mo ń kó báírò sí lórí tábìlì, ó ń wá pupa. Ọwọ́ èmi, ìyá rẹ, níwájú àna mi! Àlájì wo ọwọ́ náà. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá wa, ṣé ó ṣì kù ni?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó ni ẹ̀bi gan-an. Láti oṣù mẹ́ta tó o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, tó o ń tún ìwé àwọn òǹkọ̀wé ṣe, o ti ń tún gbogbo ayé ṣe: ìwé ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé oúnjẹ ní búkà, àní ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹ wo ọmọ mi. Èmi ni mo fi báírò yẹn lé ọ lọ́wọ́. Nítorí náà, kí n tó dá ọ lẹ́bi, jẹ́ kí n ka tèmi.

Èkíní. Ìwọ mọ̀ pé bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í kọ̀wé sí mi. O ti bi mí rí ìdí tí mi ò fi ní lẹ́tà wọn kankan. Irọ́ ni mo pa fún ọ, mo ní ọ̀kan. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn, wọ́n ń lọ sí ìgboro àti igbó, èmi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Wọ́n kọ̀wé sí mi, wọ́n ní "I am loving you since." Mo gbé báírò pupa, mo tún un ṣe, mo dá a padà sí wọn nípa pọ́ọ̀sì. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ìfẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí a ríra, wọ́n ní tíṣà mi kò ní pa mí. Wọ́n fẹ́ mi náà, wọ́n tọ́jú mi, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ìlà kan sí mi mọ́ títí wọ́n fi jáde láyé. Bí wọ́n bá lọ sí ìrìn àjò, wọ́n á ní kí ẹlòmíràn sọ fún mi pé àwọn ti dé láyọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ni mo ní, ọwọ́ mi ló sì pọ̀ jù lára rẹ̀. Mo máa ń fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ, àtúnṣe mi ni mo máa ń kà.

Èkejì. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ lẹ́yìn tí mo jáde. Mo gbóná bí ẹ̀yin iná. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, òbí rẹ̀ máa ń kọ ìwé pélébé ránṣẹ́ sí tíṣà: "Please my daughter is having fever, she is not chanced to come." Èmi á fi pupa tún ìwé náà ṣe, èmi á fi rán ọmọ náà padà sí bàbá rẹ̀. Mo rò pé gbogbo ìlú ni mò ń kọ́. Mo yangàn nígbà tí ìwé wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo ní àwọn ọmọ kò ṣàìsàn mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, a wà lórí ìlà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sìkírà ṣubú lulẹ̀ gbì. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná fòò. Ọjọ́ kẹta tí ibà ti ń ṣe é nìyẹn, ojoojúmọ́ ló sì ń wá sí kíláàsì mi. Ọlọ́run ló yọ ọ́, wọ́n gbé e dé ọsibítù lásìkò. Mo gbéra lọ bá bàbá rẹ̀, mo ń fìbínú sọ̀rọ̀, mo ní kí ló dé tí ẹ ò fi kọ ìwé pé ara ọmọ yín kò yá. Ọkùnrin àgbẹ̀ náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, báírò yín ló ń bà mí lẹ́rù."

Àjíkẹ́, títí di òní ni mo ṣì ń gbọ́ gbólóhùn yẹn létí mi. Bàbá kan rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wò ó pé ó sàn kí ọmọ òun gbé ibà lọ sí ilé ìwé ju kí òun gba pupa lọ́wọ́ mi. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n ṣé mo kọ́gbọ́n? Mi ò kọ́ ọ tó. Mo dẹ́kun títún ìwé òbí ṣe, mo wá gbé báírò náà wálé bá ọ.

Ẹ̀kẹta ni tìrẹ. O wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. O sáré wọlé pẹ̀lú káàdì èsì rẹ, bàtà rẹ kan ti bọ́ sọ́nà, o ń pariwo pé, "Mummy, I have took first!" Kí ni ìyá rẹ sọ? "Taken." Ohun tí mo sọ nìyẹn. O dúró. O tún un sọ bó ṣe yẹ. Ojú tó o fi tún un sọ, ayọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mi ò rántí pé mo gbá ọ mọ́ra lọ́jọ́ náà. Bóyá mo ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá mi ò ṣe é. Jọ̀wọ́, Adébísí, foríjì mí. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́: o káre, ọmọ mi, o gbé ipò kìíní.

Ó dáa. Fetí sí mi wàyí.

Mi ò ní kó o ju báírò pupa nù. Iṣẹ́ rẹ ni, iṣẹ́ gidi sì ni. Ìwé tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa kà, fi pupa tún un ṣe láìwojú ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Bí "he don't" bá yọ́ wọ inú ìwé ilé ìwé, àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan ni yóò dà á kọ. Ọ́fíìsì ni ilé báírò yẹn. Bó o bá ń bọ̀ wálé, fi í sílẹ̀ nínú dúróà, kó o tì í.

Tún ọ̀rọ̀ ẹni tó bá bi ọ́ ṣe. Aránṣọ ìsàlẹ̀ yìí gbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n kun sára pátákó rẹ̀ wá bá mi lóṣù tó kọjá, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó kí wọ́n má fi mí rẹ́rìn-ín." Mo tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe, ó jó lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tí mo gùn láti ọjà, tí mo ń sọ fún látẹ̀yìn pé "s" kan kù nínú ohun tó kọ sára ọ̀kadà rẹ̀, kò bi mí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. O lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹsẹ̀ kò dùn mí mọ́.

Bí àṣìṣe bá lè pa ènìyàn lára, bí ó bá jẹ́ lórí ìwé oògùn tàbí ìwé ilẹ̀, má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi ọ́. Sọ ọ́ kíá, ṣùgbọ́n sọ ọ́ sí i létí. Ẹyọ kan ni kó o sì sọ. Ẹni tó o bá sọ àṣìṣe mẹ́wàá rẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan náà kì í gbọ́ ìkankan, ariwo ni yóò máa gbọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ohun tí ènìyàn sọ bá ti yé ọ, dá ohun náà lóhùn kó o tó wo bó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó ní "I am having pain", béèrè ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó ní "I have took first", gbá a mọ́ra. Ẹni tó pè ọ́ ní ìrókò, dúpẹ́.

Mo tún ní ọ̀kan tí mo fi pamọ́, mú ara rẹ gírí. Ojú ewé kìíní, ìlà kẹsàn-án. Àlájì kọ ọ́ pé àwọn máa gba "advice" wa. Bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ ni wọ́n kọ ọ́, wọn ò fi "s" kankan sí i. Ìwọ, atúnwèéṣe, ìwọ tí wọ́n ń san owó oṣù fún, o fi pupa fi "s" kún un! Nígbà tí mo rí i, mo kígbe "Háà!" Àlájì fò dìde, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mi ò lè sọ ọ́. Ta ló ń lé ọ, Adébísí, tí o ò fi rọra wò ó?

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyí. Mo kúnlẹ̀ fún Àlájì lánàá, wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní àwọn kò ní da ìgbéyàwó rú, pé àwọn ọmọ fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn máa ní kí wọ́n lọ ra lẹ́tà olódòdó yẹn níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Àwọn máa wá síbi ìdána, àwọn máa jókòó, àwọn kò sì ní sọ nǹkan kan. Wọ́n wá wò mí lójú, wọ́n ní, "Bó bá wọ ilé mi, báwo ni màá ṣe máa bá a sọ̀rọ̀? Bí mo bá ti ní 'good morning', ṣé màá máa wò ó bóyá mo gbà á?"

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Àjíkẹ́, o ò ní bàbá mọ́. Mo ti ń sọ ọ́ nínú àdúrà mi pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó o rí bàbá nínú ilé tó ò ń lọ. O rí ọ̀kan, Ọlọ́run fún ọ ní èyí tó jókòó fún Jímọ́ mẹ́ta nítorí rẹ. Mi ò fẹ́ kó o lo gbogbo ayé rẹ nínú ilé kan náà pẹ̀lú bàbá tí kì í la ẹnu. Mo mọ bó ṣe rí. Ọkọ tí kì í kọ̀wé ni mo fẹ́, èmi ni mo sì sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la; awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ló ń bá mi gbé lẹ́tà yìí wá, kó lè dé ọwọ́ rẹ lónìí. Wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kó o dé ṣọ́ọ̀bù Àlájì lẹ́yìn ìrun Jímọ́. Má ṣe ya ọ̀dọ̀ mi, má mú ọ̀rẹ́ dání, má mú ẹ̀bùn, má sì ṣe àlàyé pé ire lo rò. Kúnlẹ̀ sórí èérún pákó tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ bó bá tilẹ̀ máa ba aṣọ rẹ jẹ́. Tọrọ àforíjì ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún lẹ́tà náà kọ bó ṣe wà, pẹ̀lú ọwọ́ wọn, pẹ̀lú ìrókò wọn, pẹ̀lú "furnitures" wọn, kó o fi sínú férémù tó dára jù ní Ìbàdàn. Bí àwọn àǹtí rẹ bá rẹ́rìn-ín, èmi ni kí wọ́n wá bá. Kí o tó dìde, sọ fún wọn nípa ìlà kẹsàn-án. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n gbà á, ìwọ lo ṣì í.

Ẹ̀rù má bà ọ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ṣé o rántí gbólóhùn tó kẹ́yìn, èyí tó o fi ìlà méjì gún já, tó o kọ "not necessary" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Mo mọ̀ pé o ò kà á, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan lo rí. Àlájì fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo dà á kọ síbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó o lè kà á wàyí: "If she do mistake inside our house, we will not carry it go outside."

Nígbà tí mo ń sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n tún ti fi lẹ́tà náà hàn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin nìkan. Ràfíù kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀, mo ní mo ń lọ wo pákó ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin."

Adébísí, o ò tíì wọ ilé ọkùnrin yìí, wọ́n sì ti ń mú gbólóhùn tó o fagi lé ṣẹ.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó ti kó báírò pupa rẹ̀ dà nù láàárọ̀ yìí.